A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà wa láìròtẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn kì í ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó bá na ìka sí àwọn ọmọ tí wọ́n pagbo yí àwo oúnjẹ kan ká, tí ó ń sọ pé ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹnìkan yóò gbá a lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Bẹ́ẹ̀ ìjọba tí ó wà lórí wa kò lè ṣe ohun kan pàtó fún wa láìkà wá. Bí yóò bá kọ́ ilé ìwòsàn, yóò bèèrè iye ènìyàn tí ó wà ní àdúgbò. Bí yóò bá ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò bèèrè iye ọmọ tí a bí, àti iye tí ó kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé nígbà tí ìjọba bá ka ọmọ wa, ṣé èèwọ̀ ni ó jẹ, tàbí gbèsè ni ó jẹ?

N kò gbà pé ìbẹ̀rù òǹkà ni ó bí èèwọ̀ yìí. Àwọn baba wa ka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún títí ó fi di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000, wọn kò sì ṣì í kà. Babaláwo mọ̀ pé odù Ifá jẹ́ 256, kò lé, kò dín. Ìṣirò ni èsúsú, ìṣirò ni ọjọ́ ọjà. Kódà èdè wa kò jẹ́ kí a sinmi: ẹni tí ó bá fẹ́ pe 15 yóò kọ́kọ́ dé ogún, yóò wá yọ márùn-ún kúrò kí ó tó rí ẹ̀ẹ́dógún. Ọpọlọ tí ó ń ṣe irú ìyọkúrò yìí láti kékeré kì í ṣe ọpọlọ tí ń sá fún òǹkà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó gbé ìtumọ̀ òwe náà dání, òun sì ni "fún". Òwe kò sọ pé a kì í ka ọmọ. Ó ní a kì í kà á fún ẹni tí ó ni ín. Ọlọ́mọ ń ka ọmọ tirẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ìyá bá gbé àtùpà yí orí ẹní ká, ó mọ ẹni tí kò tíì wọlé, kò sì nílò kí ó pe iye kankan kí ó tó mọ̀. Àjèjì ni òwe ń bá wí, ẹni tí yóò ka ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tí a kò sì mọ ohun tí ó fẹ́ fi iye náà ṣe. Níbi tí mo dúró nìyẹn. Ẹni tí ń kà, àti ohun tí yóò fi kíkà ṣe, ni èèwọ̀ náà ń ṣọ́.

Iṣẹ́ orúkọ ni ó gbé mi dé Ìwàré, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Fìdítì àti Ìlọrà. Mo ń kó orúkọ àbísọ jọ láti agboolé dé agboolé. Ẹni tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ́ kò ní gbà mọ́ pé àwọn Yorùbá kò ní ìwé àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Abíọ́dún àti Abíọ́nà ń sọ ìgbà àti ibi tí a bí wọn sí. Babátúndé àti Yétúndé ń sọ ẹni tí ó kú kí wọ́n tó dé. Ìdòwú ń jẹ́rìí pé ìbejì ti ṣáájú, bí aládùúgbò kò tilẹ̀ rí ọ̀kan nínú wọn rí. Bí ìkejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, nítorí pé nínú òǹkà ilé náà, méjì ṣì ni wọ́n.

Orúkọ àbíkú ni ó wá ṣe kedere jù lọ. Ẹ wo Málọmọ́ àti Kòkúmọ́. Ẹni tí ó mọ gírámà yóò rí i pé "mọ́" tí ó kẹ́yìn wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. A kò lè sọ fún ẹni tí kò lọ rí pé kí ó má lọ mọ́. Sílébù kan ṣoṣo yẹn ti forúkọ ọmọ mìíràn sílẹ̀, ó kéré tán. Kòsọ́kọ́ ní ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ kò sí mọ́. Igbókọ̀yí ní igbó tí a ń gbé wọn sọ sí ti kọ eléyìí. Mo bẹ ìyá àgbà kan ní Ìwàré pé kí ó bá mi pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ipò tí wọ́n gbà dé. Ó pe àkọ́bí, ó pe èkejì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ìró aṣọ rẹ̀ ró, ó ní, "Tíṣà, ẹni tí ó tẹ̀lé e ni Dúrójayé." Mo kọ Dúrójayé sílẹ̀. N kò bèèrè ohunkóhun nípa ìdákẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo fi àyè kan sílẹ̀ nínú ìwé mi láàárín orúkọ kejì àti orúkọ tí ó tẹ̀lé e, àyè náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Bí ó ti wù kí irú àkọsílẹ̀ yìí jinlẹ̀ tó, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé. Orúkọ mọ ikú tí ó wọ ilé yìí. Kò mọ èyí tí ó wọ ilé kejì. Bí èéyi bá gba ìlú kan kọjá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò sin òkú tirẹ̀, tí yóò sì wá ìdí tirẹ̀: ti ìhín ní àbíkú ni, ti ọ̀hún ní ọwọ́ ayé ni, ẹlẹ́kẹta ní àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sí ẹni tí ó jókòó síbi tí ó ti lè rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Irú rẹ̀ ni àrùn tí a ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó gbé ẹ̀jẹ̀ AS, ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ọmọ wọn ń kú léraléra ni kò sì mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣe wọ́n ni ó ń ṣe ẹni tí ó wà ní òdìkejì títì. Ìbànújẹ́ tí a bá dá gbé ni a máa ń pè ní àyànmọ́. Nígbà tí a bá kó o jọ tí a sì kà á ni a tó ń rí i pé ó ní okùnfà, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wà tí ó yẹ kí ó ti ṣe nǹkan sí i.

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù lọ lórí èyí wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti 1956 dé 1961, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ìlú tí ìtàn Kírìjì kò lè gbàgbé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Ó wọ̀n wọ́n, ó kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀, ó kọ àìsàn tí ó ṣe wọ́n. Inú òǹkà yẹn ni ó ti hàn gbangba pé èéyi, tí àwọn òyìnbó ń kà sí àìsàn ọmọdé lásán nílẹ̀ wọn, apànìyàn ni lọ́dọ̀ wa, pàápàá lára ọmọ tí oúnjẹ kò tó. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n fa ìlà ìdàgbàsókè ọmọ sí, kò sì tọ́jú káàdì náà sí àpótí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ni ó fi í sí. Ìyá ni ó ń gbé e lọ sílé, òun náà ni ó ń gbé e padà wá. Bí ìlà bá ń gòkè, ó rí i. Bí ó bá tẹ̀ sílẹ̀, ó rí i, yálà ó mọ̀wé tàbí kò mọ̀ ọ́n. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ayé lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, Morley ka ọmọ fún ọlọ́mọ láìjẹ èèwọ̀, nítorí pé ó kó iye náà lé ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn tí wọ́n kà wá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a má tan ara wa, òǹkà tí ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ mú wá kò mú ire dání. Ó ka orí kí ó lè gba owó orí. Orúkọ tí a fún owó náà ti sọ ìtàn rẹ̀ tán. Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 kò ṣẹ̀yìn owó orí. Àgbẹ́kọ̀yà tí ó mi gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn tìtì ní 1968 àti 1969 kò ṣẹ̀yìn rẹ̀ náà. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ pé àwọn akànìyàn ń bọ̀, oko ni ó ń gbà lọ, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn òmìnira ni ìbẹ̀rù yí padà di ojúkòkòrò. Àwọn olóṣèlú ti mọ̀ pé iye orí ni a fi ń pín àga ilé ìgbìmọ̀, òun ni a sì fi ń pín owó. Wọ́n fagi lé ìkànìyàn 1962. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1963 ní a jẹ́ mílíọ̀nù 55 ó lé. Ti 1973 ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 80, ṣùgbọ́n ìjọba Murtala Muhammed wọ́gi lé e ní 1975. Ti 1991 wá ní a jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 89. Bí a bá gba méjèèjì gbọ́, a jẹ́ pé àwọn obìnrin ilẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ ọmọ bíbí dúró fún ọdún méjìdínlógún. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn tí wọ́n ń sá fún òǹkà láyé owó orí ni àwọn ọmọ wọn ń ka ewúrẹ́ mọ́ ènìyàn.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí òǹkà àti oore pàdé, ó sì yẹ kí a rántí rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ nǹkan bíi 457,000 ní 1954 di èyí tí ó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Àwọn ọmọ tú jáde ju bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ìjọba ti rò lọ, nítorí pé ìkànìyàn 1952 tí wọ́n gbé ìṣirò wọn lé kò rí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òbí kan náà tí ó dákẹ́ fún akànìyàn ni ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ tíṣà kí ó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rí ohun tí wọn yóò fi orúkọ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òǹkà ti òde òní. Láti 1990 ni ìwádìí ńlá kan ti ń lọ káàkiri Nàìjíríà láti ìgbà dé ìgbà, lórí ìbí, ikú àti ìlera. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 bá obìnrin tí ó lé ní 41,000 sọ̀rọ̀. Ó ní nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, àti pé nínú 100,000 ìbí, 512 ni ó ń gba ẹ̀mí ìyá. Ìwádìí ti 2023 sí 2024 ní ti ọmọdé ti wálẹ̀ sí 110. Ó dára, kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n 110 nínú 1,000 ni ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án, kò sì sí ìyá tí ó ń sin ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ọmọ.

Báwo ni iye yìí ṣe ń di iye? Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè ni ó ká lára. Nàìjíríà kì í kọ ikú ọmọdé sílẹ̀ bí ó ti yẹ, nítorí náà àfi kí wọ́n bi ìyá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan yóò jókòó tì í, yóò kọ́kọ́ bèèrè àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn tí wọ́n ń gbé ibòmíràn, yóò sì wá kan ìbéèrè kẹta: ǹjẹ́ ó ti bí ọmọ kan rí tí ó wà láàyè nígbà tí a bí i, ṣùgbọ́n tí kò sí mọ́? Wọ́n ti túmọ̀ ìwé ìbéèrè náà sí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Bí wọ́n bá fi "kú" bèèrè, ọ̀rọ̀ náà le jù, ìyá mìíràn lè ní òun kò bí irú rẹ̀ kí aburú lè kọjá. Bí wọ́n bá ní ó "lọ" tàbí ó "padà", ìyá gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ lè rò pé ọmọ náà wà ní Èkó. Láàárín ọ̀rọ̀ tí ó le jù àti ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ jù ni òǹkà orílẹ̀-èdè ti ń jáde. Ìdákẹ́ ìyá àgbà Ìwàré yẹn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi, òun ni wọ́n kó jọ tí ó di 110.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, onímọ̀ bíi tèmi, tí ó kórìíra ìbéèrè yìí pátápátá. Ó ní ìwà ìkà ni kí a lọ tú ojú egbò obìnrin nítorí ìwé tí yóò kú sí ọ́fíìsì Àbújá. Apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbà. Apá kìíní ni n kò gbà. Òótọ́ ni pé ìdákẹ́ ń bo ìyá láṣìírí. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kan náà ń bo ẹni tí ó yẹ kí ó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé tí kò gbé e dé. Ní Sweden, tí wọ́n ti ń ka ìbí àti ikú jákèjádò orílẹ̀-èdè láti 1749 láti ọwọ́ àwọn àlùfáà ìjọ, àwọn onímọ̀ ìṣègùn wo iye ìyá tí ó kú nínú ìrọbí ní 1751. Wọ́n rí 651. Wọ́n ní ó kéré tán 400 nínú wọn ni ìbá yè bí agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ bá tó. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí ó lè fi àyànmọ́ ṣe àwáwí fún 400 yẹn mọ́. Ìjọba wọn ní láti wá agbẹ̀bí. Ohun tí mo pè ní gbèsè nìyí. Ẹni tí kò kà lè sọ pé òun kò mọ̀. Ẹni tí ó ti kà ti jẹ gbèsè.

Ọ̀nà tí a fi ń ka Ìwàré wá fi hàn irú gbèsè tí ìjọba fẹ́ jẹ, àti irú èyí tí kò fẹ́ jẹ. Ìkànìyàn 2006 ni ó kẹ́yìn; wọ́n sún ti 2023 síwájú, wọn kò sì dá ọjọ́. Ti 2006 ní ènìyàn 134,173 ni ó wà ní gbogbo Afijio. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde kò sọ̀ kalẹ̀ ju ìjọba ìbílẹ̀ lọ, nítorí náà Ìwàré kò sí níbẹ̀. Ìwádìí ìlera kò tilẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀. Orí ìpínlẹ̀ ni ó dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ elétò ìdìbò mọ wọ́ọ̀dù mẹ́wàá Afijio lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìwàré sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n mọ iye olùdìbò tí ó wà ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan títí dé orí ẹnìkan ṣoṣo, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á. Ìjọba tí ó lè ka ọ̀nà tí ìka yóò gbà tẹ ìwé ìdìbò dé abẹ́ igi kò lè sọ pé ọ̀nà jìn sí ibi tí ọmọ ti ń kú.

Òfin wà o. Òfin 69 ti 1992 sọ ọ́ di dandan kí a forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ti ìbí ń gbérí díẹ̀díẹ̀: ìwádìí kan ní 2021 rí i pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 57 ni a ti forúkọ wọn sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ilé ẹ̀kọ́ ń bèèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ọ́fíìsì tí ń ṣe ìwé ìrìnnà náà ń bèèrè rẹ̀. Ìwé ikú ọmọ oṣù méje kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Kò ní ogún tí a ó pín, kò ní owó ní báńkì, ọ̀fọ̀ ni, a kì í sì í pariwo ọ̀fọ̀. Wọ́n á sin ín ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin méjì mẹ́ta á jókòó ti ìyá rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́. Ta ni ó fẹ́ ti ibẹ̀ wọkọ̀ lọ wá akọ̀wé ìjọba?

Òfin ìlera 2014 náà wà, tí ó ya ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ti wọ́ọ̀dù ni ó yẹ kí owó náà dé. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju kí òǹkà náà gba ọ̀nà kan náà padà. N kò ní kí a pe orúkọ òkú ọmọ ẹnikẹ́ni ní gbangba. Kí orúkọ wà níbi tí ìyá rẹ̀ fi í sí. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Ìwàré gbé ìwé rẹ̀ wá sí ààfin, ní ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ìlú bá wálé, kí ó ka iye tí a bí, iye tí a gún lábẹ́rẹ́, iye tí ó kú àti ohun tí ó pa wọ́n, ní èdè Yorùbá tí gbogbo ìyá yóò gbọ́. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Afijio sì wà níbẹ̀ lórí ìjókòó, láìní ọ̀rọ̀ àkànṣe kankan láti sọ, títí nọ́ọ̀sì yóò fi kà á tán tí àwọn ìyá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè.